Ọmọ Irin Mẹ́rin

Ọwọ́ méjèèjì ni obìnrin kan fi ń darí tírélà. Ó wọ kóòtù funfun bíi ti dókítà, ó gbé páálí òfìfo rù, ó dúró sí àárín ọ̀nà níwájú géètì ilé-iṣẹ́ omi èso kan ní Ìsọlọ̀. Páálí orí rẹ̀ kò mì.

"Máa bọ̀ lẹ́yìn. Máa bọ̀. Ó tó. Mo ní ó tó, bọ̀dá."

Tírélà dúró. Awakọ̀ yọ orí síta, ó kí i bí ẹni ń kí ọ̀gá ọlọ́pàá.

Olúbọ̀wálé rí gbogbo rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀rọ. Ó mú sukudíráfà dání. Ó gbàgbé ohun tó fẹ́ fi í tú.

Bàbá Ameenat, tí ń ṣọ́ géètì, jáde sí obìnrin náà. "Láti àárọ̀ ni tírélà yìí ti dí géètì mi. Ẹ ṣeun, mà. Ta lẹ wá rí?"

"Tíṣà ni mí, sà, ní Ọ̀kọ́ta. Morọ́lá Abórìṣàdé. Ìdérí ìgò tí ẹ kò lò mọ́ ni mo wá tọrọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi."

"Ọ̀rọ̀ ìdérí ìgò ju agbára mi lọ. Ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ ló dúró sọ́hùn-ún yẹn, tó ń wò yín bíi tẹlifíṣọ̀n."

Bọ̀wálé wá. Ọmọ Ìkìrun ni, ọdún méjìlélọ́gbọ̀n. Ó gba yàrá kan ní Ìsọlọ̀, òun ló sì ń tọ́jú ẹ̀rọ tí ń rọ omi èso sínú ìgò. Àwọn ará ilé-iṣẹ́ máa ń sọ pé bí o bá kí i ní Mọ́ńdè, Túsìdeè ni yóò dáhùn.

"Kí lẹ fẹ́ fi ìdérí ṣe?" ó béèrè.

"Mo fẹ́ fi han àwọn ọmọ bí iṣan ìmọ̀lára kan ṣe ń bá èkejì sọ̀rọ̀. Àwọn iṣan tí ń gbé iṣẹ́ láti ọpọlọ dé ọwọ́."

Bọ̀wálé ronú. Bàbá Ameenat lọ ṣí géètì fún mọ́tò kan, ó tì í, ó padà dé. Bọ̀wálé ṣì ń ronú.

"Báwo ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́?"

Morọ́lá sọ páálí rẹ̀ kalẹ̀. Ó pẹ́ tí àgbàlagbà kan ti bi í ní ìbéèrè yẹn.

"Àwọn méjèèjì kì í fara kan ara wọn. Àlàfo bíńtín wà láàárín wọn. Létí àlàfo yẹn, àwọn àpò kéékèèké wà tí ọ̀rọ̀ wà nínú wọn. Bí àmì bá dé, ilẹ̀kùn á ṣí, kálísíọ̀mù á wọlé."

"Kálísíọ̀mù inú egungun?"

"Òun náà. Inú wàrà, inú edé. Púrótéènì kan wà lẹ́nu àpò, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ṣọ́ kálísíọ̀mù. Tó bá ti mú un, ẹnu àpò á là. Ọ̀rọ̀ á tú sínú àlàfo. Iṣan kejì á gbọ́."

"Ẹ wá," Bọ̀wálé ní.

Ó mú un dé iwájú ẹ̀rọ. Ó fi ojú pupa kékeré kan hàn án, tó tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ìgò ń gbà kọjá.

"Bí ojú yìí kò bá rí ìgò, ẹ̀kán omi kan kò gbọdọ̀ já."

Morọ́lá tẹ̀ ba, ó wo ojú náà dáadáa. "Ẹ̀rọ yín mọ̀wé ju kíláàsì mi lọ."

Bọ̀wálé rẹ́rìn-ín. Bàbá Ameenat sọ lẹ́yìn náà pé ọdún mẹ́fà lòun ti ń ṣọ́ géètì yẹn, òun kò gbọ́ ẹ̀rín yẹn rí.

"Ìdérí ìgò kò ní ṣe é," Bọ̀wálé ní. "Màá kàn án fún yín."

*

Ọjọ́ Sátidé ni Bọ̀wálé kì í ṣiṣẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí yàrá sáyẹ́ǹsì ilé-ẹ̀kọ́ náà ní Ọ̀kọ́ta. Ó gbé pátákó lọ, àti ayùn, àti bẹ́ríǹgì kan tó ti bàjẹ́ lára ẹ̀rọ. Ó tú bẹ́ríǹgì náà, ó yọ àwọn ọmọ irin róbótó inú rẹ̀. Ìyẹn ni yóò jẹ́ kálísíọ̀mù.

Morọ́lá ní kó sí nǹkan pupa nínú àpò, kí àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn lè rí i nígbà tó bá tú. Wọn kò rí nǹkan pupa. Morọ́lá gbé ọwọ́ sí ọrùn, ó já ìlẹ̀kẹ̀ pupa tó wọ̀, ó dà á sínú abọ́.

Bọ̀wálé wo abọ́. Ó wo ọrùn rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán àpò.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, Morọ́lá gbé ọ̀jọ̀jọ̀ wá nínú kúlà, àwo méjì lókè rẹ̀.

"Mo din ín pọ̀ jù ni," ó ní.

"Àwo méjì náà ńkọ́?"

"Àwo náà pọ̀ jù nílé."

Bọ̀wálé jẹ mẹ́jọ. Ó fọ àwo méjèèjì, ó nù wọ́n, ó tò wọ́n padà.

Nígbà tí pátákó parí, wọ́n dán an wò. Morọ́lá ju ọmọ irin kan sí i. Irin gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó di ẹnu àpò mú fò sókè. Gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ tú, ó fọ́n ká ilẹ̀ títí dé abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù.

Inú Bọ̀wálé dùn. "Ó ṣí."

"Ó ṣí jù," Morọ́lá ní. Ó ń rẹ́rìn-ín lórí eékún rẹ̀, ó ń ṣa ìlẹ̀kẹ̀. "Ẹyọ kan kò tó, Ẹnjiníà. Kálísíọ̀mù mẹ́rin, nígbà mìíràn márùn-ún, gbọ́dọ̀ péjọ. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan ni, bí eṣinṣin bá bà lé ẹ, wàá fò kan àjà."

"Ní ilé-iṣẹ́ wa, ìgò kan, àmì kan. Bí mo bá dúró de mẹ́rin, mẹ́ta ti kọjá lófo."

"Èèyàn kì í ṣe ìgò."

Bọ̀wálé gbé pátákó náà lé orí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wò ó títí. "Mẹ́rin," ó ní. "Ó dáa."

Ọjọ́ yẹn ni Morọ́lá sọ fún un nípa ìwé tó ń kà. Yàtọ̀ sí iṣẹ́ tíṣà, ó ń kàwé kún ìwé ní yunifásítì, ó kù díẹ̀ kó gba oyè kejì. Ó ní púrótéènì tí ń ṣọ́ kálísíọ̀mù kì í ṣe irú kan. Ọ̀kan yára. Kí o tó ṣẹ́jú, ó ti tú ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ó ti parí. Ọ̀kan wà tó lọ́ra. Kálísíọ̀mù díẹ̀ ti tó o láti mú, ṣùgbọ́n bó bá mú un, kì í tètè jọ̀wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ẹni tó yára ti dákẹ́, òun ṣì ń sọ̀rọ̀.

"Èwo nínú wọn lò ń kà nípa rẹ̀?"

"Onílọ̀ọ́ra. Ó pẹ́ tí wọn kò kà á sí."

Ó wò ó bó ti ń sọ ọ́. Bọ̀wálé ń fún nọ́ọ̀tì kan tó ti fún tẹ́lẹ̀.

Morọ́lá mí kanlẹ̀. "Ẹnìkan wà tí Dádì fẹ́ kí n fẹ́. Kọ́láolúwa. Ọmọ ọ̀rẹ́ wọn ni, ará Ìkọ̀lé bíi tiwa. Ó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì."

"Ṣé èèyàn dáadáa ni?"

"Èèyàn dáadáa ni."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Mo ní kí o wá kí Dádì ní Sọ́ńdè, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ilé wa wà ní Òkè-Afà."

Bọ̀wálé ní òun á wá.

*

Ọdún márùndínlógójì ni Bàbá Abórìṣàdé fi kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí, kó tó fẹ̀yìn tì gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Òfin kan ló fi darí kíláàsì rẹ̀: ọmọ tí kò bá nawọ́ sókè, kò mọ̀ ọ́n. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Morọ́lá nìkan ló kù sílé.

Bọ̀wálé dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Wọ́n ní kó jókòó.

"Ọmọ mi ní o kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ," bàbá ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó dáa. Kí lo bá wá sílé mi?"

Bọ̀wálé wo ilẹ̀. Aago ara ògiri ń dún. Morọ́lá dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, tírè omi lọ́wọ́ rẹ̀. Ìṣẹ́jú kan lọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé méjì.

"Mo wá kí yín ni, sà."

"O ṣeun. Mu omi."

Bàbá sìn ín dé géètì. Ó padà, ó jókòó, ó ṣí ìwé ìròyìn.

"Ọmọlúàbí ni," ó sọ fún Morọ́lá. "Mo rí i lára ìkíni rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ní èsì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Kọ́láolúwa ti sọ ọ́ lójú mi pé òun fẹ́ ọ. Mo ní kó fi wá sílẹ̀ títí ọjọ́ àfihàn sáyẹ́ǹsì ilé-ẹ̀kọ́ yín á fi kọjá. Ọjọ́ Sọ́ńdè tó bá tẹ̀lé e, sọ fún un, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Kò dáa kí a dá ọmọ ọlọ́mọ dúró."

Ohun tí Bàbá Abórìṣàdé kò mọ̀ nìyí. Ní agbo ilé tí wọ́n ti tọ́ Bọ̀wálé ní Ìkìrun, ọ̀dọ́mọkùnrin kì í fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ ìyàwó níwájú bàbá ọmọ. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti fi hàn pé òun kò lẹ́nìkan. Àgbà ni í sọ ọ́. Bọ̀wálé kúrò ní Òkè-Afà pẹ̀lú ìdánilójú pé òun ti bọ̀wọ̀ fún bàbá náà gidigidi. Inú rẹ̀ ń dùn.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, ó wọkọ̀ lọ sí Ìkìrun, ó jókòó sẹ́sẹ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀.

"Ọmọ ta ni?" bàbá àgbà béèrè.

Ó sọ.

"A ó wádìí wọn. Má sọ nǹkan kan fún ọmọbìnrin náà títí a ó fi parí. A kì í jẹ́ kí ọmọ mọ̀ pé à ń béèrè ilé bàbá rẹ̀ kiri."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìwádìí gbà. Wọ́n ránṣẹ́ dé Ìkọ̀lé. Bọ̀wálé kò lọ sí Ọ̀kọ́ta mọ́ ní Sátidé. Ó ní òun ń tún pátákó ṣe. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òótọ́.

Morọ́lá kọ ọ́ sí i lórí wasáàpù: "Bọ̀wálé, ṣé àlàáfíà ni?"

Ó rí i pé Bọ̀wálé ti kà á. Ọjọ́ méjì kọjá kí èsì tó dé.

"Àlàáfíà ni. Pátákó á dé."

Morọ́lá ka ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Pátákó. Ó ti fóònù mọ́ inú dúrọ́ọ̀, ó lọ máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ. Ó máàkì rẹ̀ le ju bó ti yẹ lọ. Lálẹ́ ọjọ́ náà ó gbàdúrà, ó sì sùn. Ní àárọ̀, ó pinnu. Bí Bọ̀wálé kò bá wí nǹkan kan títí di Sọ́ńdè, òun á sọ bẹ́ẹ̀ ni fún Kọ́láolúwa, òun kò sì ní wẹ̀yìn mọ́.

*

Ọjọ́ Fráídè ni ọjọ́ sáyẹ́ǹsì. Kẹ̀kẹ́ Márúwá kan dúró níwájú ilé-ẹ̀kọ́. Bàbá Ameenat sọ̀kalẹ̀ nínú rẹ̀, ó gbá pátákó mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ jòjòló.

"Òun fúnra rẹ̀ dà?" Morọ́lá béèrè.

"Ó rìnrìn àjò láàárọ̀ yìí. Ó ní kí n sọ fún yín pé ọmọ irin mẹ́rin ni, kì í ṣe mẹ́ta. Ó ní kí ẹ má tètè gbé e kúrò lórí tábìlì."

"Kò sọ nǹkan mìíràn?"

"Mà, ọ̀rọ̀ méjì gbáko nìyẹn. Ẹ kò mọ bí mo ṣe fà á jáde."

Bàbá Abórìṣàdé wà ní ìjókòó iwájú, àlejò pàtàkì ni. Kọ́láolúwa ló fi ọkọ̀ gbé e wá. Ó jókòó tì í, ó múra dáadáa, ó ń pa àwọn tíṣà lẹ́rìn-ín.

Morọ́lá dúró lẹ́yìn pátákó. Ó sọ̀rọ̀ nípa àlàfo, nípa àpò, nípa ẹni tí ń ṣọ́ ẹnu àpò. Lẹ́yìn náà ó ju ọmọ irin kìíní. Kò sí ohun tó mì.

Ó ju èkejì. Ó ju ẹ̀kẹta.

Fawziyyah, ọmọ kíláàsì rẹ̀ tí kì í fi ìbéèrè sínú, nawọ́ sókè. "Àǹtí, ó ti bàjẹ́ ni?"

"Kò bàjẹ́. Ó ń kà á."

Ó ju ẹ̀kẹrin. Pá. Ẹnu àpò là, ìlẹ̀kẹ̀ pupa tú, ó yí gba inú àlàfo kọjá, ó bọ́ sórí irin kejì. Gílóòbù kékeré tàn ní òdìkejì. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Morọ́lá náà rẹ́rìn-ín, bí ẹni tí inú rẹ̀ kò fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ gbé pátákó kúrò.

"Dúró," Bàbá Abórìṣàdé ní. Ó ti dìde. Ó ti wọ gíláàsì ojú rẹ̀. "Nǹkan kan ń mì nísàlẹ̀."

Wọ́n wò ó. Ilẹ̀kùn kejì wà lábẹ́ ti àkọ́kọ́, kò fẹ̀ ju àtàǹpàkò lọ. Bọ̀wálé ti so ó mọ́ sírínjì kan tó kún fún epo ẹ̀rọ, kí epo náà lè fà á díẹ̀díẹ̀. Ọmọ irin mẹ́rin kan náà ló ń ṣí i. Ṣùgbọ́n kò yára.

Ilẹ̀kùn ń ṣí bí ojú ọmọ tó ń jí. Ó ṣí tán. Bébà kan tí a ká já bọ́ sílẹ̀.

Bàbá mú un. Ó rí orúkọ Morọ́lá lẹ́yìn rẹ̀. Kò ṣí i. Ó nà án sí ọmọ rẹ̀.

Morọ́lá kà á. Ó tún un kà. Lẹ́yìn náà ó dá a padà fún bàbá rẹ̀, ó sì yí ojú sí ògiri.

Ohun tó wà níbẹ̀ kò pọ̀: "Àwọn àgbà mi ń bọ̀ ní Òkè-Afà lọ́la, aago mẹ́wàá. N kò lè sọ ọ́ kí wọ́n tó gbà. Alẹ́ àná ni wọ́n gbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Bọ̀wálé."

Bàbá Abórìṣàdé ká bébà náà. "Ṣé òun nìkan ló kan gbogbo èyí?"

"Òun nìkan, sà," Bàbá Ameenat dáhùn láti ẹ̀yìn. "Ojú mi ló ṣe."

"Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ya iṣan yìí sójú pátákó ìkọ̀wé. Mi ò rí ọmọ tó yé rí." Ó yọ gíláàsì rẹ̀. "Ó pẹ́ kó tó ṣí."

"Onílọ̀ọ́ra nìyẹn, Dádì. Òun ni mo ń kà nípa rẹ̀."

"Mo rí i," bàbá ní.

Kọ́láolúwa ti wo ojú Morọ́lá, ó ti rí ohun tó yẹ kó rí. Ó dìde, ó fà jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ gún.

"Morọ́lá, Sọ́ńdè kò tíì pé, ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ èsì mi. Ẹnu ni mo ní. Ẹni tó bá lè kan irú èyí, n kò lè bá a du." Ó yíjú sí bàbá. "Sà, màá ṣì gbé yín délé. Ẹ má rò pé ẹ máa fẹsẹ̀ rìn."

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó gbá a léjìká.

*

Aago mẹ́wàá kò tíì lù nígbà tí wọ́n kan géètì ní Òkè-Afà. Bàbá àgbà Ìkìrun ló ṣáájú, ìyá Bọ̀wálé tẹ̀lé e, Bọ̀wálé wà lẹ́yìn pẹ̀lú iṣu lórí.

Bàbá àgbà sọ̀rọ̀. Ó sọ ilé tí wọ́n ti wá, ó sọ ohun tí wọ́n wá ṣe, ó sọ ọ́ dáadáa. Bàbá Abórìṣàdé gbọ́ ọ tán.

"Ẹ káàbọ̀. Mo ti gbọ́ ti àgbà. Ṣùgbọ́n ní ilé tèmi, ẹni tó fẹ́ nǹkan ló ń nawọ́ sókè. N kò mọ̀ pé ní ilé tiyín, ẹni tó bọ̀wọ̀ ló ń dákẹ́. Mo ṣì í. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré."

Bàbá àgbà ronú. Ó pẹ́ díẹ̀. Ó hàn gbangba pé inú ẹbí ni Bọ̀wálé ti jogún ìlọ́ra rẹ̀.

"A fún ọ láyè," ó ní nígbẹ̀yìn. "Sọ̀rọ̀."

Bọ̀wálé dọ̀bálẹ̀. "Mo fẹ́ Morọ́lá, sà. Láti ọjọ́ tírélà ni. Bí ẹ bá fún mi, n kò ní jọ̀wọ́ rẹ̀."

Àwọn àgbà dúró de ìyókù. Kò sí ìyókù.

"Ó tán?" Bàbá Abórìṣàdé béèrè.

"Ó tán, sà."

Ìyá Bọ̀wálé ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbà á bẹ́ẹ̀, sà. Láti ọdún tó kọjá, kò tíì sọ tó báyẹn fún èmi."

Wọ́n béèrè lọ́wọ́ Morọ́lá. Òun kò pẹ́ rárá.

Nígbà tí àwọn àgbà ń bá ara wọn jíròrò ọjọ́, àwọn méjèèjì jáde sábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé.

"O bà mí nínú jẹ́ o," Morọ́lá ní. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. 'Pátákó á dé.'"

"Máa bínú díẹ̀. Ó tọ́ sí mi."

"Mo já ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn mi fún ẹ. Mo din ọ̀jọ̀jọ̀. Mo sọ ti Kọ́láolúwa fún ẹ. Mo mú ẹ wá sílé bàbá mi. Mélòó nìyẹn?"

"Mẹ́rin."

"Ṣé ìwọ náà ń kà á?"

"Láti orí ìlẹ̀kẹ̀ ni mo ti fẹ́ sọ̀rọ̀." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìwọ lo ní ẹyọ kan kò tó."

Morọ́lá fi ẹ̀rín gbá a lápá.

Bọ̀wálé ki ọwọ́ bọ àpò. "O ní nígbà mìíràn ó máa ń jẹ́ márùn-ún. Èyí wá láti ọ̀dọ̀ mi."

Òrùka irin ni. Morọ́lá mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Òun ló wà láàárín bẹ́ríǹgì tí Bọ̀wálé tú lọ́jọ́ kìíní, ibi tí àwọn ọmọ irin mẹ́rin yẹn ti ń yí kí ó tó yọ wọ́n. Ó ti rẹ́ ẹ títí tó fi fúyẹ́, ó ti dán an títí tó fi ń tàn bí fàdákà.

Morọ́lá na ọwọ́. Òrùka náà wọlé, ó dúró síbi tó yẹ kó dúró.

"Báwo lo ṣe mọ ìwọ̀n ìka mi?"

Bọ̀wálé ronú.

Bàbá Abórìṣàdé yọ orí lójú fèrèsé. "Morọ́lá, bó bá ti dáhùn, ẹ wọlé. Iyán ń tutù."